Ìdáhùn sí Ẹlẹ́gàrí Kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: Ṣé Ìwà Nìkan Tó fún Ìwàásù?

Ìbéèrè: “Bàbá, gàrí ni mo ń tà ní ọjà Ìkẹ́rẹ́. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti di àtúnbí, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti kó kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ dànù, tí n kò sì fi gàrí tútù sí ìsàlẹ̀ àpò mọ́. Mo máa ń ta àwìn fún àwọn tí kò ní, ọ̀pọ̀ wọn kì í san án. Gbèsè tó wà níta báyìí ti tó ₦86,000. Ọkọ mi ní àwọn ọmọ wa ni mo fi ń rúbọ. Pásítọ̀ wa ní ìwà tútù kì í gba ọkàn là, pé kí n dìde kí n máa wàásù nínú ọjà bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí. Ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ wa kángun síra, mùsùlùmí ni; ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ dáadáa ni mí, àmọ́ kò bi mí léèrè nípa Jésù rí. Ṣé ìgbésí ayé mi ń sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni? Títí di ìgbà wo ni mo sì máa fi ara mi rúbọ báyìí?”

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ìbéèrè méjì ni ẹ so pọ̀ nínú lẹ́tà yín, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tú wọn kúrò lára ara wọn, nítorí pé bí a bá fi ìdáhùn ọ̀kan dáhùn èkejì, a ó ṣìnà. Èkínní ni bóyá ìwà tí ẹ ń hù nínú ọjà ń jẹ́rìí Kristi bí ẹnu yín kò bá sọ ọ́. Èkejì ni ibi tí ìfara-ẹni-rúbọ ti yẹ kí ó dúró, pàápàá nígbà tí ọkọ àti ọmọ bá ti ń pín nínú ìyà rẹ̀. Mo sì gbọ́ ẹ̀kẹta lábẹ́ àwọn méjèèjì, bí ẹ kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ ń bẹ̀rù pé ọdún 11 ti lọ lásán. Mo ti fi ọdún 38 ṣiṣẹ́ ìjọ ní Èkìtì, láti ìgbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ìjọ ní abà oko kan lẹ́bàá Ẹmùré títí mo fi fẹ̀yìntì sí Adó, ìbéèrè kẹta yìí ni mo sì gbọ́ jù lọ, láti ẹnu àwọn tí ìwà wọn dára jù lọ nínú ìjọ.

Ibi tí ìdààmú ti ń wọlé ni ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹbọ. Kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ ẹbọ, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń retí nínú rẹ̀. Babaláwo á dárúkọ ohun ẹbọ, wọn á gbé e lọ sí oríta, bí ó bá sì fín, àrùn á lọ, ọmọ á dé, ọ̀nà á là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí pé rírú ẹbọ ní í gbeni, àìrú rẹ̀ kì í gbènìyàn. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà lò, wọn kò ní òmíràn tí ó dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìrètí àtijọ́ bá a wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Títí di òní, ọ̀pọ̀ Kristẹni ló ń fara da ìyà, tí wọ́n ń san ohun tí wọn kò jẹ, tí wọ́n sì ń ka ọjọ́ tí ẹbọ náà yóò fín. Ẹ tún Róòmù orí 12 ẹsẹ 1 kà, kí ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀: “nítorí náà” ni Pọ́ọ̀lù fi ṣí i, ìyọ́nú Ọlọ́run ni ó sì fi ń bẹ̀ wá. Àánú ti ṣáájú dé kí ẹbọ ààyè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ rú irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ kò fi ra nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò fi ra èrè sórí ọjà rẹ̀, kò sì fi ra ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ni ó ń dá. Nítorí náà, kóńgò yín tí kò ní ẹ̀tàn kì í ṣe owó tí ẹ ń san sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ yín lè gbàgbọ́. Bí kò bá tilẹ̀ gbàgbọ́ láé, òdiwọ̀n náà tọ̀nà lójú Ọlọ́run láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ti ń lò ó, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún 11 náà tí ó ṣòfò.

Bí èyí bá ti yé wa, a lè wá béèrè láìsí ẹ̀rù pé kí ló dé tí ọ̀rẹ́ yín kò fi bi yín léèrè nípa Jésù. Ní tèmi, ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ilẹ̀ wa, ìwà rere ti ní ẹni tí wọ́n ń dá ọpẹ́ rẹ̀ fún kí ọpẹ́ náà tó dé ọ̀run. Bí Èkìtì bá rí ẹni tí kì í purọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí ó mọ ẹ̀tọ́ àgbà, ọmọlúàbí ni wọn yóò pè é, bàbá àti ìyá tí ó bí i ni wọn yóò sì yìn: ilé ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹ fetí sí ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ fún àwọn oníbàárà. Ọmọ dáadáa ni ó pè yín. Ìyìn ńlá ni, ìfẹ́ ni ó sì fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojúde bàbá yín ni ìyìn náà gúnlẹ̀ sí. Ẹ tún rántí pé Kùránì tí òun náà ń kà bá àwọn tí ń dín òdiwọ̀n kù wí gidigidi, nítorí náà kò rí ohun àjèjì kankan nínú kóńgò pípé tí yóò fi máa wá ìdí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Jésù. Nínú Mátíù 5:16, Olúwa wa ní kí àwọn ènìyàn rí iṣẹ́ rere wa, kí wọ́n sì yin Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run lógo. Láàárín rírí àti yíyìn yẹn, ẹnìkan ní láti jẹ́ kí wọ́n mọ Baba tí a ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni pásítọ̀ yín ti rí nǹkan kan tí ó jẹ́ òtítọ́.

Ìlú wa tilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ lórí èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú padà wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn kan nínú wọn sì ti gbọ́ ìyìn rere níbi tí wọ́n ti ń sìnrú. Ní ìlú púpọ̀ ní Èkìtì, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà kí òyìnbó ajíhìnrere tó wá bá wọn gbé. Wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ará ilé àti ará àdúgbò ń wò wọ́n lójoojúmọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nínú oko, nínú ilé, nígbà ọdún òrìṣà tí wọn kò bá wọn dá sí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ni ó ṣe yín, wọn kò panu mọ́. Wọ́n sọ orúkọ ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà àjò. Bí wọ́n bá ti panu mọ́ ni, ìlú ì bá wulẹ̀ sọ pé ìyà oko ẹrú ni ó yí wọn lórí.

Síbẹ̀, kí pásítọ̀ yín má ṣe bínú sí mi, sísọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídìde sórí àpótí kí a máa ké láàárín ọjà. Èmi fúnra mi ti fi ọdún mẹ́fà wàásù ní ibùdókọ̀ ní Ìkọ̀lé, pẹ̀lú agogo àti gbohùngbohùn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, torí pé àwọn kan gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ awakọ̀ tí ó di àgbà ìjọ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n mo rí i pẹ̀lú pé iṣẹ́ náà bá àwọn kan mu, kò sì bá àwọn mìíràn mu, àti pé òǹtajà tí ó bá ké ìwàásù láàárọ̀ tí ó sì yọ́ òdiwọ̀n jẹ lọ́sàn-án ń ba ohun tí ó ju ìwàásù tirẹ̀ lọ jẹ́. Ìtìjú yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pétérù, nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 3 ẹsẹ 15, kò ní kí gbogbo wa lọ gba gbohùngbohùn. Ó ní kí a wà ní ìmúrasílẹ̀ láti dá ẹni tí ó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Gbólóhùn kan tí ó ti ọkàn wá, tí a sọ lákòókò rẹ̀, tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Irú gbólóhùn wo? Ohun tí ó jọ mí lójú jù lọ nínú lẹ́tà yín nìyí, ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó kọjá. Ẹ kọ̀wé pé ẹ kó kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ dànù. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ ti lò ó rí. Ọ̀rẹ́ yín kò mọ̀. Àwọn oníbàárà tí ń yìn yín kò mọ̀. Lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti rí láti inú ìyá yín wá, ẹ sì ti jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá tún yìn yín, tí kò sì sí oníbàárà nítòsí, ẹ gbìyànjú kí ẹ dá a lóhùn pé: “O ṣé, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti lu ìdí kóńgò rí. Jésù ni ó ṣàánú mi tí mo fi kó o dànù.” Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òun sọ ohun tí ó bá fẹ́ sọ. Nígbà náà ni ìyìn yóò kúrò ní ojúde bàbá yín tí yóò sì wá ẹni tí ó ni ín lọ. N kò fi ewu rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ó lè wò yín tìyanu-tìyanu. Ó lè sọ fún ẹlòmíràn. Oníbàárà àtijọ́ kan sì lè wá sọ pé ẹ jẹ òun ní gbèsè gàrí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá, ẹ rántí Sákéù, kí ẹ wọn gàrí fún un. Láti ọdún 11 ni ẹ ti ń fi èrè gàrí lélẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n orúkọ rere yín ni ẹ kò tíì fi lélẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń dí ọ̀rẹ́ yín lójú.

Nígbà mìíràn ìwà máa ń dé ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀ mọ́, ìbéèrè á sì wá fúnra rẹ̀. Mo mọ obìnrin elépo kan ní ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Obìnrin mìíràn tí àwọn méjèèjì jọ ń ta epo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́ láìdáa kiri ọjà. Nígbà tí iná jó ìsọ̀ obìnrin kejì yìí, kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà ni ó kù nílẹ̀ fún ẹni tí mò ń wí, ó sì ru mẹ́ta lọ bá a ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ó tà á, kí ó dá owó rẹ̀ padà nígbà tí ó bá rí i. Obìnrin kejì bú sẹ́kún, ó ní, “Kí ni mo ṣe fún ọ?” Ìdáhùn tí ó gbà kò ju pé: “Ohun tí a ṣe fún èmi náà ni, mi ò sì ṣiṣẹ́ fún un.” Ó wá sí ilé ìjọsìn wa lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, kò sì wá mọ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n di títí ọ̀kan fi kú. Mo sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí bí ó ti rí gan-an, kí ẹ má baà rò pé gbogbo irú ìtàn báyìí ni ó máa ń parí sí ibi ìrìbọmi.

Ní ti ọkọ yín, ẹ má tètè bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà ní ìjọ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, mo fi owó oṣù mẹ́ta tọrẹ fún páànù, n kò sì sọ fún ìyàwó mi. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n lé ọmọ wa padà wálé nítorí owó ilé-ìwé, ìyàwó mi sì kó aṣọ òkè rẹ̀ méjèèjì lọ tà, kò bá mi jà, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó mọ̀ pé òun ni ó rú ẹbọ náà, èmi sì ni mo gba ìyìn rẹ̀. Dáfídì sọ ní ilẹ̀ ìpakà Áráúnà pé òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó sí rúbọ sí Olúwa. Ohun tí mo fi rúbọ ná ẹlòmíràn lówó, n kò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù bá àwọn Farisí wí nínú Máàkù orí 7 nítorí pé wọ́n ń fi orúkọ ọrẹ Ọlọ́run gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá àti ìyá wọn, Pọ́ọ̀lù sì sọ fún Tímótì pé ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Opó tí ó sọ owó wẹ́wẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú àpótí ìṣúra fi gbogbo ohun tí ó ní sílẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Bí ọkọ yín bá fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú yín lórí iye kan tí ẹ jọ yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwọn aláìní, ẹbọ ẹ̀yin méjèèjì ni, bí ó tilẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ ń dá ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn kan lè tọ́ka sí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó fi iṣẹ́ wíwa katakata tí ń tẹ títì sílẹ̀ ní 1928 láti lọ wàásù, tí a sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí. Ìpè tí ó gbọ́ ni ó jẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ó gbọ́ ìwàásù rẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbọ́ padà sí oko àti ìsọ̀ wọn ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sin Ọlọ́run.

Gbèsè ₦86,000 yẹn ni ó kàn. Mo fura pé kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe àwìn. Ó wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìkùnsínú máa ń gbé. Ẹ kò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n, ẹ kò sì béèrè rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó jẹ yín ń yà fún ìsọ̀ yín, ẹ̀yin náà sì ń ṣírò rẹ̀ lóru. Ẹ gbé ìwé gbèsè náà jókòó pẹ̀lú ọkọ yín. Ẹni tí ẹ mọ̀ pé kò ní lè san án láé, bí opó tí ó ń tọ́ ọmọ, ẹ fi orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì lọ sọ fún un pé ó ti parí, kí ó lè padà wá kí yín ní ìsọ̀. Ẹni tí ó ní in, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ má sì ta àwìn mìíràn fún un títí yóò fi san án. Kò sí ohun tí ó lòdì sí ìfẹ́ nínú pé kí a béèrè owó wa. Ẹni tí a bá ń jẹ́ kí ó máa jẹ wá ní gbèsè lọ́dọọdún, ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń ràn án lọ́wọ́ láti dá.

Lórí kóńgò, òdiwọ̀n pípé kò túmọ̀ sí pé kí ẹ tà á ní iye kan náà pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n lù. Ẹ lè fi owó díẹ̀ lé e, kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún oníbàárà ní gbangba, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yàn. Àwọn kan yóò lọ síbi tí ó ti pọ́ọ́kú, ìyẹn sì ni ohun tí òtítọ́ yín ń ná yín ní tòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe fi ìdí kóńgò àwọn ẹlẹgbẹ́ yín han oníbàárà láti fi gbé tiyín ga. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló ń pe irú rẹ̀ ní ìjẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹni tí a dójú tì níwájú oníbàárà rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ nípa Olúwa wa lẹ́nu wa mọ́. Bí ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n bá bá gbogbo ọjà, Ìyálọ́jà ni ẹ̀ ń bá sọ ọ́, ní ìpàdé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

N kò lè ṣèlérí pé ọ̀rẹ́ yín yóò gbàgbọ́. Mo ti rí ẹni tí ó gbàgbọ́ lẹ́yìn ọdún 19 tí aládùúgbò rẹ̀ ti ń gbàdúrà fún un, mo sì ti sin àwọn aládùúgbò mìíràn tí ọ̀rẹ́ wọn kò gbàgbọ́ títí wọ́n fi kú. Iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni, kò sí ní ìkáwọ́ ẹ̀yin tàbí pásítọ̀ yín. N kò sì lè mọ gbogbo ohun tí ó wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín láti inú ojú ìwé kan. Bí ó bá ju ọ̀rọ̀ gbèsè lọ, ẹ wá àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán, kí ẹ jọ jókòó tì í. Ẹ fi lẹ́tà yìí han pásítọ̀ yín bí ẹ bá fẹ́. Bí ó bá rí ibi tí mo ti ṣì í sọ, inú mi yóò dùn láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n lè mọ ohun tí ọkọ yín sọ nípa ìwé gbèsè náà, àti ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ nígbà tí ẹ sọ fún un nípa kóńgò àtijọ́.